Àwo Orí Àpáta Agbómiró

Ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́. Ìjókòó kò bá mi lára mu lónìí. Ìyá yín ti gbé àga fún mi lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀, mo sì ti dìde lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ó dáa, èmi àgbà tiyín, ìdúró ni mo ti ń rí tèmi. Tóbi, fi fóònù yẹn sílẹ̀. Délé, wo ojú ọ̀run fún mi láti ojú fèrèsé yẹn: ṣé ó ṣú ní apá Agbowó ni, àbí ojú mi ló ń ṣe mí?

Kò ṣú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ni mò ń ṣọ́, ó sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìyá yín ti sọ fún yín pé ilẹ̀ ọ̀la kò ní mọ́ bá yín ní Bódìjà. Ẹ ó gba Mọ́níyà jáde, ẹ ó kọrí sí Òkè-Ògùn, ẹ ó sì gun òkè Agbómiró níbi tí wọ́n bí mi sí. Ẹ kò dé ibẹ̀ rí. Mo ní láti sọ ohun tí ẹ ń lọ bá fún yín, kí ẹ má baà dé ibẹ̀ kí ẹ máa wò bí ẹni tó ṣìnà. Ọ̀rọ̀ kan tún wà nínú mi tí n ó sọ kẹ́yìn. Òun gan-an ni mo fi ní kí ẹ̀yin méjèèjì wá lónìí, kì í ṣe ìyá yín ló pè yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wúwo, ẹ jẹ́ kí n ti ẹsẹ̀ òkè bẹ̀rẹ̀ ná.

Agbómiró kì í ṣe irú òkè Mókọ́lá yín tí mọ́tò ń gùn. Àpáta ni, odidi àpáta kan ṣoṣo tó yọrí láàárín pápá. Bí ẹ bá ń sún mọ́ ọn, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé òjò ló ṣú níwájú. Orí rẹ̀ dúdú, ìlà funfun sì wà lára rẹ̀ níbi tí omi ti ń ṣàn kọjá láti ayébáyé. Ẹsẹ̀ òkè ni oko wa wà: iṣu, bàbà, igi ẹmi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, igi irúgbá. Oòrùn ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí o bá gùn dé àárín, o ó bọ́ sínú igbó kan tó há sí ààrin àpáta méjì, a ń pè é ní Ikùn-òkè. Ìrókò wà níbẹ̀, ọdán wà níbẹ̀, ọ̀bọ á máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lókè igi. Òtútù ibẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí fíríìjì. Ìgbà tí o bá jáde nínú Ikùn-òkè ni o ó tó kan orí òkè, níbi tí a kọ́lé sí. Kò sí igi níbẹ̀ bí kò ṣe èyí tí a fi ọwọ́ ara wa gbìn. Afẹ́fẹ́ ló ni ibẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo, ojú ọjọ́ mẹ́ta: o lè fi òógùn gbéra nísàlẹ̀, kí o máa gbọ̀n nígbà tí o bá dókè.

Ní ìgbà òjò, kùrukùru á bo orí òkè láti ìdájí títí oòrùn ó fi ga. O kò ní rí ọwọ́ ara rẹ. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi bọ̀ á máa ké sí ara wọn lójú ọ̀nà kí wọ́n má baà kọlu ara wọn, kálukú pẹ̀lú igbe tirẹ̀. Ti ìyá mi gùn, wọ́n á sì gbé ìparí rẹ̀ sókè bí ẹni ń béèrè ọ̀rọ̀. Láti orí ẹní mi ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ní ìgbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, àpáta á tutù débi pé à ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí adìẹ. Ọ̀sán á mú un gbóná, ìrọ̀lẹ́ á tún mú un tutù, bó bá sì ti ń tutù, ẹ ó máa gbọ́ tó ń dún kà, kà, bí ẹni ń ṣẹ́ igi gbígbẹ. Àlejò á ní kí ló ń dún? A ó ní àpáta ń na ara ni. Ọ̀fàfà ló máa ń lé àlejò padà sínú ilé. Ẹranko kékeré bí ehoro ni, inú pàlàpálá àpáta ló ń gbé, ṣùgbọ́n bó bá ké lálẹ́, o ó rò pé wọ́n ń pa ènìyàn. Mo dé Ìbàdàn, n kò lè sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí n kò gbọ́ ọ̀fàfà. Ní báyìí jẹnẹrétọ̀ gbogbo Bódìjà ló ń ké sí mi létí, n kò sì sùn náà.

Ohun tí n kò lè gbàgbé ni bí a ṣe ń rí òjò kí ó tó dé. Ẹ̀yin ara pẹ̀tẹ́lẹ̀, orí ni òjò ti ń bá yín. Àwa, a ó rí i lókèèrè bí aṣọ eérú tí wọ́n fà láti ọ̀run délẹ̀, tó ń rìn bọ̀ lórí pápá, tó ń gbé abúlé kan mì lẹ́yìn èkejì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á dúró létí òkè, á ké sí àwọn tó wà lóko nísàlẹ̀: ẹ ṣán iṣu mọ́lẹ̀, ẹ máa bọ̀. Àwọn obìnrin á sáré kó èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta. Mo rí ọkùnrin kan rí tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, òun lókè, ìyàwó lóko, gbogbo ìlú ń gbọ́. Bí òjò ṣe yọ, ó gbé ìjà sílẹ̀, ó ní, "Ìyá Sànyà, òjò ń ti apá ọ̀tún bọ̀ o, gba ìdí ẹmi." Bó ti wí bẹ́ẹ̀ tán, ó tún gbé ìjà rẹ̀ padà.

Ẹ dákun, ẹ bá mi tún wo ojú ọ̀run. Afẹ́fẹ́ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Lórí erùpẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Òkè tí mò ń wí yìí kò ní erùpẹ̀. Ohun tó ní ni kòtò tí omi gbẹ́ sára àpáta, òmíràn kò ju agbada ìdáná lọ, òmíràn tó pálọ̀ yìí. A ń pè wọ́n ní àwo, nítorí wọ́n rí bí àwo tí a fi ń jẹun. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa sá gun òkè nítorí ogun, wọn kò lè máa sọ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀tá nítorí ewé ẹ̀fọ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu erùpẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè, wọ́n ń rù ú gòkè, wọ́n ń dà á sínú àwo. Ilá hù níbẹ̀. Ata hù, efinrin hù, tẹ̀tẹ̀ hù. Ogun kásẹ̀ nílẹ̀, a kò fi í sílẹ̀. Bí ọkùnrin ilé bá gbéyàwó, àgbà ilé á mú ìyàwó dé ìdí àwo kan tó ṣófo, á ní, "Tìrẹ rèé." Láti ọjọ́ náà, orúkọ obìnrin náà ni àwo ń jẹ́. Àwo Àdùnní ni ti ìyá mi. Etí òkè níhà ìlà-oòrùn ló wà, ewúro kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a máa ń sá aṣọ lé.

Ṣùgbọ́n òjò kò gbà fún wa. Ọdọọdún ló ń fọ erùpẹ̀ dànù sísàlẹ̀, ọdọọdún la sì ń rù ú padà. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kì í gun Agbómiró lọ́wọ́ òfo. O lè ru igi, o lè pọn ọmọ, bí ó ṣe ẹ̀kúnwọ́ méjì lo ní, o ó bu erùpẹ̀ dání. Tíṣà kan dé bá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, ó wọ ṣòkòtò funfun, ó gùn ún dé Ikùn-òkè pẹ̀lú Bíbélì nìkan. Àwọn ìyá àgbà mẹ́ta jókòó síbẹ̀. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n fún un lómi mu, wọ́n sì ní kí ó padà sísàlẹ̀ lọ bu tirẹ̀ wá. Ó rò pé àwàdà ni. Àsẹ̀yìnwá àsẹ̀yìnbọ̀, inú fìlà rẹ̀ ló bu erùpẹ̀ sí. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò lọ́dọ̀ wa, bó bá sì ń wàásù nípa Ádámù tí wọ́n fi erùpẹ̀ mọ, gbogbo wa la ó máa rẹ́rìn-ín.

Bí òjò bá kù díẹ̀, a máa ń ṣe Ọjọ́ Erùpẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Onítẹ̀bọmi, bẹ́ẹ̀ ni Mùsùlùmí, kò sẹ́ni tí kì í rù. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìbàdàn, tó wà ní Gánà, wọ́n á wálé. Láti kùtùkùtù la ó ti tò sójú ọ̀nà bí èèrà, agbọ̀n lórí, erùpẹ̀ nínú agbọ̀n. Àgbà kan á jókòó sẹ́nu Ikùn-òkè, á máa bi ẹni kọ̀ọ̀kan pé, "Àwo ta ni?" O ó sì pe orúkọ obìnrin tó ni àwo náà sókè, kí àpáta gbà á lẹ́nu rẹ. Mo ti pe Àdùnní níbẹ̀ láti ìgbà tí ohùn mi kò tíì fọ́. Àwọn tó ti kú ńkọ́? À ń pe tiwọn náà. Bí obìnrin bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń bu erùpẹ̀ sí àwo rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì ní kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò ọdún mẹ́ta bá rọ̀ lé e láìrí erùpẹ̀ tuntun, ó ti padà di àpáta nìyẹn. Àgbà ilé á dúró níwájú ẹlẹ́rìí méjì, á ní, "Àwo lágbájá ti tán." Wọn kò ní pe orúkọ náà mọ́, wọn ó sì fa àwo náà fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún obìnrin kan, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í jáde.

Ìyá yín àgbà, ìyàwó mi, ọmọ Ìbàdàn pọ́nbélé ni. Mo mú un lọ sílé nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó tán. Ó jí ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó fẹ́ ṣe bí ìyàwó rere, ló bá mú ìgbálẹ̀. Ó gbá iwájú ilé, ó gbá ẹ̀yìnkùlé, ó wá dé ìdí Àwo Àdùnní, ó rí ewé jíjẹrà àti erùpẹ̀ dúdú lórí àpáta. Ó ní ta ló da ìdọ̀tí síbí? Ó gbá gbogbo rẹ̀ dànù létí òkè, ó sì tún fi omi fọ ibẹ̀. Ìgbà tí ìyá mi jáde, àwo ń dán. Mo rò pé ilé máa dàrú. Wọ́n kàn wo ìyàwó, wọ́n wo àwo, wọ́n wọlé lọ mú agbọ̀n méjì jáde, wọ́n na ọ̀kan sí i. Àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ pọ̀. Nígbà tí wọ́n fi gun òkè náà lẹ́ẹ̀kẹfà, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Kí ló dé tí a fi fi ibẹ̀ sílẹ̀? Kò sẹ́ni tó lé wa. Ọ̀nà ọlọ́dà dé ẹsẹ̀ òkè, ilé ìwé dé ẹsẹ̀ òkè, omi ẹ̀rọ dé ẹsẹ̀ òkè. Ta ló tún fẹ́ gun àpáta nítorí àtisùn? Ilé kan sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún yìí, ilé mẹ́ta lọ́dún tó ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Èmi náà wá sí Ìbàdàn, mo ń ránṣọ ní Dùgbẹ̀, ará ń dẹ̀ mí. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé erùpẹ̀ tí a ń rù yẹn kì í ṣe ti ẹ̀fọ́ nìkan. Àwọn àwo ló ń fa òjò mu, tí wọ́n á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wọ Ikùn-òkè, tí odò ẹsẹ̀ òkè kì í fi í gbẹ títí òjò mìíràn ó fi dé. Nígbà tí àwo di àpáta, bí òjò bá rọ̀, omi á já wàrà lẹ́ẹ̀kan náà, á gbá oko lọ, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta odò á gbẹ. Ìrókò Ikùn-òkè gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kùrukùru náà kò ki bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ báyìí, wọ́n ń ṣàdúrà kí iná dé kí wọ́n lè fa omi. Inú ń bí mi bí mo bá rántí, ara mi ni mo sì ń bínú sí.

Ìyá mi kò sọ̀ kalẹ̀ ní tiwọn. Orí òkè ni wọ́n kú sí. Ọjọ́ tí mo lọ wò wọ́n gbẹ̀yìn, wọn kò bi mí nípa iṣẹ́, wọn kò bi mí nípa ilé. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kí òjò gbé àwo mi lọ." Mo ní n kò ní jẹ́ kí ó gbé e. Láti ìgbà náà, kí òjò tó dé lọ́dọọdún, n ó ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Dùgbẹ̀, n ó wọkọ̀ lọ sílé, n ó ru agbọ̀n mẹ́fà, n ó pe orúkọ wọn lẹ́nu Ikùn-òkè bí kò tilẹ̀ sẹ́nì kan tó bi mí. Àwo àwọn tó kù ti tán. Tiwa ló gbẹ̀yìn.

Ẹ mọ èyí tó kàn. Ọdún kejì rèé tí orúnkún mi ti so mí mọ́lẹ̀, tí ìyá yín ti ní n kò gbọ́dọ̀ lọ, pé ojú ọ̀nà kò dára, pé àpáta kì í ṣe eré ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òjò méjì ti rọ̀. Bí òjò ọdún yìí bá tún rọ̀ bá a bẹ́ẹ̀, ó pé mẹ́ta. Ni mo bá ní n ó fi hàn án pé ẹsẹ̀ mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ gun òkè Mókọ́lá láti fi dánra wò. Ṣé mo wá lè gun òkè lọ́wọ́ òfo ni? Mo wá erùpẹ̀ káàkiri àgbàlá yìí, sìmẹ́ńtì ni gbogbo rẹ̀. Inú ìkòkò òdòdó ìyá yín ni mo ti bu ú, mo dì í sínú ọ̀rá, mo sì gbéra. Wọ́n ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Àwọn ọ̀dọ́ kan dá mi dúró ní agbedeméjì.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Kí lẹ gbé dání?"

"Erùpẹ̀ ni."

"Erùpẹ̀ kí ni, Bàbá?"

"Ti ìkòkò òdòdó ọmọ mi."

"Ibo lẹ ń gbé e lọ?"

"Òkè."

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní kí àwọn tú ọ̀rá náà wò, bóyá òògùn wà nínú rẹ̀. Èkejì, tí ojú rẹ̀ tutù díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ rántí ilé yín?" Ìyẹn dùn mí ju ti òògùn lọ. Wọ́n fi fóònù mi pe ìyá yín. Ó dé, ó bá mi lórí òkúta kan, wọ́n ti ra omi fún mi, ọ̀rá erùpẹ̀ wà lórí itan mi. N kò rí i kí ó sunkún báyẹn láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Inú mọ́tò ló ti sọ pé, "Bàbá, ó ti tó. Èmi gan-an á lọ. N ó mú Tóbi àti Délé dání, a ó ru erùpẹ̀ náà." Ó gbàyè níbi iṣẹ́, ó ra agbọ̀n, ó ti di gbogbo rẹ̀ sí búùtù.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè jókòó.

Ẹ tẹ́tí. Òun lọ̀rọ̀ tí mo ní n ó sọ. Kì í ṣe òjò méjì. Ọdún méjì tí mo lọ gbẹ̀yìn yẹn, n kò dókè. Ikùn-òkè ni orúnkún mi ti kọ̀. Ọdún àkọ́kọ́, mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yí, mo da erùpẹ̀ náà sídìí ìrókò gbígbẹ kan, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dé Ìbàdàn, ẹ bi mí pé báwo ni òkè, mo ní ó wà dáadáa, mo ní ewúro ń rúwé. Ọdún kejì, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ojú ń tì mí láti sọ pé n kò lè gùn ún mọ́. Òjò mẹ́rin ló ti rọ̀ lé Àwo Àdùnní. Kò sí erùpẹ̀ níbẹ̀. Àpáta lẹ ó bá. Mo ti mọ̀ ọ́n, mo sì ń jẹ́ kí gbogbo ilé máa ṣọ́ òjò pẹ̀lú mi.

Má wò mí bẹ́ẹ̀, Délé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ó bá mi láàárọ̀ yìí.

Mo pe ìyá yín ní kíṣìnì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á ní kí a tú agbọ̀n kúrò nínú mọ́tò. Ó pa iná sítóòfù. Ó wá ní, "Bàbá, àwo tó bá ti di àpáta, ta ló ni ín?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ni ín. Ọwọ́ àgbà ilé ló wà.

"Ta ni àgbà ilé?"

Mo ní ó ku èmi nìkan.

Ó ní, "Ẹ fún mi."

Mo ní, "Àjíkẹ́, a kì í fún ọmọbìnrin ilé. Ìyàwó là ń fún. Ọmọbìnrin á lọ sílé ọkọ, àwo á ṣófo."

Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Àwọn ìyàwó ilé dà, Bàbá? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà ní Kánádà. Ti àbúrò mi wà ní Èkó, kò mọ ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Àwo wo ni kò ṣófo? Ẹ̀yin tí wọ́n fi lé lọ́wọ́, ẹ kò lè gùn ún mọ́. Èmi lè gùn ún. N kò kàn fẹ́ máa ru erùpẹ̀ lọ síbi tí orúkọ mi kò lè dé."

Mo jáde. Mo rìn dé ọjà Bódìjà, n kò ra nǹkan kan, mo rìn padà. Ohun tó ń béèrè kò ṣòro láti fún un. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ló ṣòro. Kí n tó lè fún un, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹnu mi sọ pé ti ìyá mi ti tán. Mo ṣèlérí fún wọn. Bí n kò bá sọ ọ́, orúkọ wọn á wà lórí àpáta tí kò ní ewé kan, títí n ó fi kú, lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ rí. Bí mo bá sọ ọ́, ilá á tún hù níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilá Àdùnní mọ́. Mo ti fi gbogbo ọ̀sán yìí sọ ìtàn fún yín kí n má baà dé ibi tí mo dé yìí. Ẹ̀yin náà á ti mọ̀.

Ó tó. Ẹlẹ́rìí méjì ni mo nílò, ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Tóbi, lọ pe ìyá yín wá.

Àjíkẹ́, dúró síbí. Tóbi, bọ́ sí ọ̀tún rẹ̀. Délé, bọ́ sí òsì. Ẹ fetí sílẹ̀, n kò lè wí i lẹ́ẹ̀mejì.

Àwo Àdùnní ti tán. Òjò gbé e, ojú mi ló sì ṣe. Àpáta tó kù níbẹ̀, èmi àgbà ilé, mo fi ẹnu mi fún Àjíkẹ́ ọmọ mi. Tìrẹ rèé.

Dìde, má kúnlẹ̀ mọ́, ilẹ̀ yìí le. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ẹrù kù tí ẹ kò tíì dì. Bàbá arúgbó kan wà lẹ́sẹ̀ òkè, ìbátan mi ni, òun ló máa mú yín dé Ikùn-òkè. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé kó bi yín bí wọ́n ṣe ń bi wá. Nítorí náà, Tóbi, Délé, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bó bá bi yín lọ́la pé, "Àwo ta ni?", ẹ má dárúkọ ìyá mi. Ti ìyá yín ni kí ẹ pè, kí ẹ sì pè é sókè.